Ó Kú Lọ́wọ́ Mi

Ohun mẹ́ta ló gbé Hilja Lantto dé àhámọ́, èmi Staffan Ekbom, ọlọ́pàá tí wọ́n gbé wá láti gúúsù sí àríwá òtútù yìí, ni mo sì fọwọ́ ara mi ṣa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ.

Àkọ́kọ́: ó ní mọ́tò kú mọ́ òun lọ́wọ́ nínú igbó, nígbà tó ń gbé Valfrid ọkọ rẹ̀ tí àyà ń dùn lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Jouni Keskitalo, awakọ̀ tírélà igi tó bá wọn níbẹ̀, ṣíná sí mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí, ó sì wà á dé ìlú láìsí wàhálà. Ìkejì: nígbà tí awakọ̀ náà dé, ọwọ́ jíà wà ní P, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní pípa, bíi ti ẹni tó rọra páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìkẹta ló burú jù. Kí awakọ̀ náà tó bi í léèrè ohunkóhun, ìyá yìí ti sọ fún un pé, "Ọkọ mi ti kú." Valfrid ò sì tíì kú. Ó ń mí. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú kó tó dákẹ́. Dókítà ní ká ní ó dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú ni, àwọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i.

Odindi wákàtí kan ni wọ́n fi jókòó nínú mọ́tò yẹn láàárín igbó. Fóònù ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ní abúlé wọn, gbogbo èèyàn ló gbọ́ tí Hilja ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé ìtọ́jú ọkọ òun ti ń sú òun. Ṣé ẹ rí i? Ẹjọ́ náà rọrùn. Ó rọrùn jù, ó sì yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi da ìbéèrè bò ó.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró?"

"Àwọn àgbọ̀nrín kan ló ń kọjá lójú ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì. Mọ́tò kú."

"Ẹ ò tún un ṣí?"

"Mo ṣí i. Ó jí. Mo fi sí jíà, ó kú. Mo tún ṣí i, ó jí, mo fi sí jíà, ó kú. Títí ọwọ́ fi ń ro mí."

"Ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa kùn fún ìdajì wákàtí. Ẹ mọ̀ pé ìyẹn lòdì sófin?"

"Valfrid ń gbọ̀n, Staffan. Òtútù ọjọ́ yẹn ń bu èèyàn jẹ."

"Lẹ́yìn náà ẹ pa á. Ẹ pa ohun tó ń fún un ní ooru. Nítorí kí ni?"

"Kí n lè gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Mi ò tún mọ́tò ṣí mọ́, mo rò pé kò lè rìn mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún Jouni Keskitalo pé ó ti kú?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó wà nínú ìwé."

Kò sunkún rí lójú mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, á kàn máa fa ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló gbójú sókè, tó ní, "Bóyá lóòótọ́ ni, Staffan. Bóyá nǹkan kan wà tí ọwọ́ mi ṣe tí orí mi ò mọ̀." Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ń sọ ọ́ láìfi bò, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tó ń sọ̀rọ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba máa fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ní kí n mú wá: kí ẹnì kan tó mọ jíà buwọ́ lùwé pé kò sí ohun tó ṣe mọ́tò náà. Mo gbé e lọ bá Gunnel Rova ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

* * *

Jíà nìkan ni Gunnel ń tún ṣe, ó sì ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu ẹ̀. Ní àfonífojì yìí wọ́n máa ń sọ pé jíà tí Gunnel bá ní ó ti kú, kí wọ́n kọrin ìsìnkú fún un. Mo bá a tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ pẹ̀lú wàràkàṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí táyà. Ó gba fáìlì lọ́wọ́ mi, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì tún padà sí òkè.

"Ta ló yẹ mọ́tò yìí wò?"

"Èmi ni. Mo wà á ní odindi ọ̀sán kan. Mo dúró tó ìgbà ogún. Kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ìwọ ọmọ gúúsù yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. "O ti wa mọ́tò débi tí bàtà ẹ fi móoru rí?"

"Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú, Gunnel. Ibì kan ni mò ń lọ."

"Jókòó."

Mo jókòó. Ó fa epo díẹ̀ jáde nínú táǹkì sínú ìgò, ó gbé e sókè wò ó nínú iná. Ó ní nígbà òtútù, omi máa ń wọnú epo, á dì bíi yìnyín, á sì dí ọ̀nà epo pa. Ṣùgbọ́n epo náà mọ́ lóló, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ẹ̀. Ó fa ọ̀pá òróró jíà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nù ún sórí bébà funfun. Òróró náà ò jóná, ó sì pé ìwọ̀n.

"Ẹ rí i báyìí," mo ní. "Kò sí nǹkan kan."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó fi ìka tẹ fáìlì. "Gbọ́ mi. Tí ìwọ bá fẹ́ parọ́ pé mọ́tò dá ẹ dúró, kí lo máa sọ?"

"Màá ní kò jí."

"Áà, o gbọ́n! Irọ́ tí kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ìyá yìí ní ó ń jí, àfi tó bá fi sí jíà ló tún ń kú. Ta ló kọ́ ọ nírú irọ́ bẹ́ẹ̀? Èèyàn mẹ́wàá ò sí ní agbègbè yìí tó lè finú rò ó, mo sì mọ gbogbo wọn."

Ó ṣí fáìlì sí ojú ìwé kejì.

"Jíà tó wà ní P ńkọ́? Mọ́tò onírú jíà yìí, ṣé ó lè jí tí jíà bá wà ní D?"

"Rárá. Àfi P tàbí N."

"Nítorí náà, ẹni tó ń gbìyànjú láti jí i, níbo ló máa dá ọwọ́ jíà padà sí lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá kú?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sọ pé P túmọ̀ sí ẹni tó páàkì, kò sì wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé òun náà ni ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń jà kí mọ́tò rìn máa wà.

Gunnel ti ń wọ bùbá òtútù rẹ̀. "Gba kọ́kọ́rọ́. Ìwọ lo máa wà á. Ọ̀nà kan náà, láti iwájú ilé wọn títí dé ibi tó kú sí."

* * *

Kìlómítà àádọ́rin ni. Igi páìnì lọ́tùn-ún, igi páìnì lósì. Hilja àti Valfrid kì í rin irú ìrìn yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lọ, kìlómítà mẹ́rin, wọ́n á sì padà sílé. Nígbà tá a dé ibẹ̀, Gunnel ní, "Dúró bíi pé àgbọ̀nrín wà níwájú ẹ."

Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò dúró, mo sì yí kọ́kọ́rọ́.

Ó gbá mi lọ́wọ́ bí ẹní gbá ọmọ tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò.

"Ta ló ní kó o pa á?"

"A ti dúró kẹ̀, Gunnel. Ẹni tó bá ti dúró, á pa ẹ́ńjìnnì ni. Wọn kì í jẹ́ kó máa kùn lásán. Láti ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa."

Ó yíjú sí mi pátápátá. "Ìgbà ogún lo dúró lọ́jọ́ tó o yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà mélòó lo pa á?"

"Gbogbo ìgbà ni."

"Yéè! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ olófin! Wọ́n ní kó o wò ó bóyá mọ́tò máa kú, ìwọ ń pa á kí ikú tirẹ̀ tó dé! Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ojú tì mí débi tí mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo tún un ṣí, a lọ díẹ̀, a padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò nítòsí kọ́kọ́rọ́. Mo tẹ bíréèkì. Bí táyà ṣe fẹ́ dúró, mọ́tò gbọ̀n rìrì, ó sì kú.

Mo dá jíà padà sí P, mo ṣíná. Ó jí wẹ́rẹ́. Mo fi sí D, ó fò síwájú bí ìka méjì, ó kú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó ń jí, ó ń kú, gẹ́gẹ́ bí Hilja ṣe wí.

Gunnel ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ti dáwọ́ yẹ̀yẹ́ dúró. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà, ó ní, àwo ńlá kan wà tó kún fún òróró. Òróró yẹn ló ń jẹ́ kí táyà lè dúró kí ẹ́ńjìnnì sì máa yí lọ. Ṣùgbọ́n lórí eré, kílọ́ọ̀ṣì kan wà nínú àwo yẹn tó ń di àwọn méjèèjì pọ̀ kí epo má bàa ṣòfò. Fáàfù kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ló ń tú wọn sílẹ̀ tí mọ́tò bá fẹ́ dúró.

"Tí fáàfù yẹn bá há, kò ní tú wọn sílẹ̀. Táyà dúró, ó fa ẹ́ńjìnnì mọ́ra, ẹ́ńjìnnì kú. Ó dà bíi kó o máa wa mọ́tò tí à ń fẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kó o tẹ bíréèkì láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ìwọ máa ń pa á kí fáàfù tó há, ìdí nìyẹn tó fi ń gbéra fún ẹ."

"Kí ló dé tó fi rìn fún Jouni?"

"Òróró gbígbóná ló ń jẹ́ kó há. Tó bá tutù, á tú. Jẹ́ kó máa kùn báyìí ní P." Ó jẹ́ kó kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi sí D, ó kú. Ó tún jẹ́ kó kùn. Ó kú. "Ṣé o rí i? Bó bá ń kùn, inú ẹ̀ ò ní tutù. Àárọ̀ dalẹ́ la máa wà níbí. Wá pa á báyìí. Wo aago."

Mo pa á. A jókòó sínú òtútù, èémí wa ń di funfun lára gíláàsì. Ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún mò ń ṣí i wò. Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, mo fi sí D, mọ́tò náà sì gbéra jẹ́jẹ́, ó ń lọ bíi pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo yọ ìwé kékeré mi lápò, mo kọ ọ́ sílẹ̀: ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí mo ń kọ ọ́ ni mo rántí ìdajì wákàtí tí Hilja fi jẹ́ kí mọ́tò kùn, nítorí ọkọ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wo Gunnel. Gunnel ń wo ọ̀nà.

"Má sọ ọ́," ó ní.

* * *

Ó ku ohun kẹta. A bá Jouni Keskitalo ní ibi tí wọ́n ń to gẹdú, ó dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà rẹ̀, ó ń so ẹ̀wọ̀n mọ́ igi. Ọkùnrin gíga kan ni, ó máa ń ronú kó tó dáhùn pé ẹ káàárọ̀.

"Jouni," mo ní, "kí ni ìyá yẹn sọ fún ẹ gan-an?"

"Mo ti sọ. Ó ti wà nínú ìwé yín."

"Ẹ̀dà tí wọ́n túmọ̀ ló wà níbẹ̀. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Èdè wa ló fi sọ ọ́, Meänkieli. Ó ní, 'Se kuoli.'"

Gunnel, tó jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ nìyẹn, yíra padà bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún. "Se?"

"Se."

"Kí ló túmọ̀ sí?" mo béèrè.

"Ó kú," Jouni ní.

"Ta ló kú?"

Gunnel ló dá mi lóhùn. Ní èdè Swedish tiwa, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tá à ń lò fún èèyàn, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tá à ń lò fún nǹkan. Ní èdè tiwọn, ọ̀kan náà ni. Ó kú. Ọkọ lè kú. Mọ́tò náà lè kú. Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní àgọ́ wa wo òkú tó wà nílẹ̀, ó sì kọ "ọkọ mi" sí i fúnra rẹ̀. Èmi sì buwọ́ lù ú.

"Níbo ló dúró sí nígbà tó sọ ọ́?" Gunnel bi í.

Jouni ronú títí. "Níwájú mọ́tò," ó ní. "Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní, 'Ó kú, ó kú lọ́wọ́ mi, wá bá mi jí i.'" Ojú rẹ̀ ń pọ́n bọ̀. "Wá bá mi jí i. Èmi rò pé arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú ni. Ọlọ́run mi o. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìyẹn."

Kò sẹ́ni tó bi í lóòótọ́. Èmi ni mo yẹ kí n bi í.

* * *

Agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́ wa tán lórí fóònù, ó ní ká tú Hilja sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà gbà.

Mo bẹ Gunnel kó bá mi wọlé sọ fún un, torí mi ò ní ojú tí màá fi dá a sọ. Hilja jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Gunnel sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nípa àwo òróró, kílọ́ọ̀ṣì àti fáàfù. Ó sọ fún un pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi ní kó dárí jì mí. Ó mi orí sí mi bíi pé nǹkan kékeré ni mo béèrè. Kò tiẹ̀ jọ pé ó gbọ́ mi dáadáa.

"Òróró tó gbóná ló ń dè é," ó ní.

"Òun ni," Gunnel ní.

"Tó bá tutù, á rìn."

Gunnel yíjú wò mí.

"Mo jẹ́ kó máa kùn," Hilja ní. "Kí ara Valfrid lè móoru ni. Ká ní mo tètè pa á ni, ìṣẹ́jú mélòó ni ì bá gbà?"

Gunnel Rova, tí kò parọ́ rí nípa jíà fún ogójì ọdún, wo ilẹ̀. "Jíà ò ní aago, Hilja. Ó lè jẹ́ wákàtí kan. Ó lè jẹ́ méjì. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Hilja kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, Staffan? Ìwọ lo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀."

Ìwé kékeré náà wà ní àpò àyà mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ìyá yìí pé òótọ́ nìkan ni mo fẹ́.

"Mi ò wo aago," mo ní.

Ó wò mí títí. "O ò mọ irọ́ pa," ó ní, ó sì dìde.

* * *

Mo ní màá gbé e lọ sílé. Kó tó jáde, mo ti sáré lọ ṣíná sí mọ́tò mi, mo tan ooru sí i, mo jẹ́ kó máa kùn níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, lábẹ́ àkọlé tó ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fínnúfíndọ̀ rú òfin yẹn láyé mi nìyẹn. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe fún un. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ sórí itan.

"Ó ní kí n pa á," ó sọ.

"Ta ni?"

"Valfrid. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀. 'Hilja, pa á, wọn kì í jẹ́ kó máa kùn lásán.' Olófin ni Valfrid, bíi tìẹ. Mo ní kó dákẹ́, kó jẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀."

Ó na ọwọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́ mi, ó pa á. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òtútù ti ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa lẹ́sẹ̀.

"Sọ fún mi tó bá ti tó kí tiwa rìn," ó ní.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n tún un ṣí. Ó ń fa ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iwájú, èémí rẹ̀ ń funfun, èmi ń wo aago ọwọ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan jáde, wọ́n bẹ̀ wá wò, wọ́n kọjá. Ìgbà tí mo lè parọ́ fún un ti kọjá.

Nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, mo ní, "Ó ti tó."

Hilja mi orí.

"Kò tiẹ̀ pẹ́," ó ní.